Ọmọ mi tò mí bí ère, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà títí tó fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó tó wá bá wa. Ìlú òyìnbó níbí la bí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì sí. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ilé ìwé rẹ̀ ló ní ká lọ rí àwọn tó ń tọ́jú ìdílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin òyìnbó tó ń rí wa ní kí ọmọ náà to gbogbo wa bí ère, ká má sọ̀rọ̀. Ó mú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì kọ́ mi léjìká, ó yí mi padà, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun. Ó ní kí àwọn àbúrò òun di kóòtù mi mú. Ó gbé àga òfìfo kọjú sí fèrèsé, ó ní bàbá òun nìyẹn, torí ọkọ mi ò tẹ̀ lé wa lọ. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ lé àga kan, ó ń wò ó. Wọ́n ní ta ni fóònù, ó ní Màmá Ìjẹ̀bú ni. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n lè wa mọ́tò délé. Ṣé ohun tí ọmọ mi ń rò nípa mi nìyẹn? Ṣé ìtọ́jú lèyí àbí eré orí ìtàgé? Ọkọ mi ní kò sí òyìnbó tó máa to òun bí àga. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì sì ní kí n wá sọ́dọ̀ òun, pé wọ́n ń ṣe èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí àwọn àjèjì á ti dúró bí òbí ẹni àti àwọn òkú ẹni. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ọmọ Mẹ́ta. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló pa yín lẹ́kún, òun ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Rárá, ẹ ò tíì mọ ohun tí ọmọ yín ń rò nípa yín. Ohun tí ẹ mọ̀ ni ibi tó gbé yín sí. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ nìyí.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nínú yàrá yẹn. Obìnrin òyìnbó náà rí ènìyàn tó yíjú sí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀yin gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ, ó ti kọ ọmọ náà sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìyá tí gbólóhùn yẹn máa bá tí ara rẹ̀ ò ní ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yìí kan náà la fi ń pọn ọmọ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò rí ojú ìyá, ìpàkọ́ ló ń rí, síbẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń sùn. Mi ò sọ pé ohun tí ọmọ yín ní lọ́kàn nìyẹn o. Mo ń sọ pé ẹ̀yin náà ò lè búra pé kì í ṣe òun, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.

Nígbà tí mo ṣì wà ní Ìbàdàn, ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan to ilé wọn fún mi. Ó gbé bàbá rẹ̀ síwájú, ó kọjú rẹ̀ síta, òun wá lọ dúró sẹ́yìn bàbá náà, ó kó ara rẹ̀ jọ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ìyá rẹ̀ ti ń nu ojú. Èmi náà ti ń to àlàyé jọ nínú mi pé bàbá tí kì í wojú ọmọ rèé. Mo bi ọmọ pé kí ló ń rí níbi tó wà. Ó ní, “Ẹ̀yìn bàbá mi. Kò sẹ́ni tó lè rí mi níbí.” Ọdún yẹn gan-an ni àwọn adigunjalè wọ ilé wọn. Bàbá tí mo fẹ́ dá lẹ́bi, ògiri ló jẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò túmọ̀ ère fún ẹnikẹ́ni mọ́ kí ẹni tó gbẹ́ ẹ tó lanu.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ère tiyín dáadáa, torí mo rò pé ẹkún ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí gbogbo rẹ̀. Ó gbé báàgì kọ́ yín léjìká. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìyá òun ò rí tòun rò, kò nílò báàgì. Ó ní kí àwọn àbúrò rẹ̀ di kóòtù yín mú. Ẹ rántí bó ṣe rí lára yín bí wọ́n ṣe dì yín mú yẹn: tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ yíjú sẹ́yìn, ṣé ẹ lè yí? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ronú kan ìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló rí i nínú ilé yín pé ẹ ò ráyè yí padà.

Ohun kan tún wà tí wọn ò béèrè, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ọjọ́ wo ni ère náà? Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà léjìká rẹ̀, ọmọ jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ìyá àgbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, ìyẹn lè jẹ́ àárọ̀ yìí tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ò sọ fún mi iye ọdún tí ọmọ náà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó rí yín lẹ́nu ọ̀nà náà ní tòótọ́. Òótọ́ ni pé àwọn àbúrò rẹ̀ ò tíì dáyé nígbà náà, ṣùgbọ́n ọmọ máa ń pa ọjọ́ méjì pọ̀ sínú ère kan. Ẹni tó ń sunkún torí ohun tó ṣe lónìí, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn lọ́mọ rẹ̀ ń fi hàn án, àwọn méjèèjì á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá ni.

Ọ̀rọ̀ pé ṣé ìtọ́jú ni àbí eré. Ẹ ò jìnnà sí òótọ́, nítorí orí ìtàgé ni ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò rẹ̀ wà. Jacob Levy Moreno, dókítà tí wọ́n bí ní Bucharest lọ́dún 1889, tó dàgbà sí Vienna, ló dá ilé eré kan sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, níbi tí àwọn òṣèré kì í ti í kọ́ ọ̀rọ̀ sórí. Ohun tó bá wá sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Beacon, ní ìpínlẹ̀ New York, lọ́dún 1936, ó sì kọ́ ìtàgé sínú rẹ̀, kí aláìsàn lè dìde ṣe ìdààmú rẹ̀ dípò kó máa jókòó ròyìn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Virginia Satir, obìnrin ará Wisconsin tó ti ṣe tíṣà kó tó di òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ibùdó ìwádìí kan ní Palo Alto ní California ní nǹkan bí 1959. Òun ló máa ń ní kí ìdílé dìde lórí àga, á fi okùn so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè rí bí ẹnì kan ṣe ń fa gbogbo ilé nígbà tó bá ṣísẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní ìlànà, tí wọ́n ń pè é ní family sculpting, Boston ni wọ́n wà: David Kantor, àti tọkọtaya kan, Fred Duhl àti Bunny Duhl. 1973 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ère ẹbí lèmi máa ń pè é.

Orúkọ àwọn òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkọ yín sọ pé ohun òyìnbó ni. Ẹ fetí sí bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé. Tí tọkọtaya bá ń jà, a ní àárín wọn ò gún. Ẹni tó ń ràn wá lọ́wọ́, a ní ó wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó ń bá wa jà, ó dojú kọ wá. Ọmọ tí a fẹ́ràn, a fà á mọ́ra. Èyí tí a ò kà sí, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí wọ́n ń ká mọ́, wọ́n fún un lọ́rùn. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn dúró sí. Ohun tí onítọ́jú yín ṣe ni pé ó ní ká gbé “àárín” yẹn sílẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ká fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ lójúkojú pé “àárín wa ò gún”, torí ìtẹríba, torí ìbẹ̀rù, tàbí torí pé Yorùbá rẹ̀ ti ń kú tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa, ó lè gbé yín sí ẹnu ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fún ìdílé láyè ọ̀rọ̀, ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ jù ló máa gba gbogbo wákàtí náà, ní ilé wa ìyẹn kì í sábà jẹ́ ọmọdé. Tí ẹnu bá dákẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Mo ti rí bàbá kan tó ti ń sọ fún oṣù mẹ́ta pé kò sí wàhálà nínú ilé òun, tí ọmọ rẹ̀ gbé e sáàárín ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì di apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ní apá ń ro òun. Láti orí apá yẹn la ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó lọ rèé, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó kù nínú tiyín. Ẹnì kan ni gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn tó kù ni igi. Gbẹ́nàgbẹ́nà á to ẹnì kọ̀ọ̀kan: bí ó ṣe súnmọ́ ẹlòmíràn tó, ibi tó ń wò, bí ó ga tàbí bí ó lọ sílẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Òun náà á wọnú rẹ̀ níkẹyìn. Ẹ ó wá dúró bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò, ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni onítọ́jú á máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, á bi wọ́n pé: báwo ló ṣe rí lára níbí? Kí lo ń rí? Ta ni o ò rí? Apá ibí yìí ni ọrọ̀ náà wà, kì í ṣe inú ère fúnra rẹ̀. Ṣé wọ́n bi ẹ̀yin náà bí ó ṣe rí lẹ́nu ọ̀nà? Lẹ́tà yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fura pé ẹkún yín dé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, àsìkò sì tán.

Tí wọ́n bá ti gbọ́ ti gbogbo èèyàn, ère kejì ló kù: gbẹ́nàgbẹ́nà á tò wọ́n bó ṣe wù ú kó rí. Peggy Papp, ní New York, fẹ́ràn kí ère máa rìn ju kó dúró lọ; ó máa ń wo ohun tí ẹnì kan á ṣe tí ẹlòmíràn bá ṣísẹ̀. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ dì mọ́ra wọn bí inú fíìmù. Tí ìyá bá yí ejìká rẹ̀ kan padà, ọmọ tó wà ní kọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé á gbójú sókè, àbí á tún rọ́ sẹ́yìn? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kálukú á kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, á gbọn ara, á padà di ara rẹ̀ kó tó lọ sílé. Ẹ̀yin gbé ère àkọ́kọ́ lọ sílé láìgbọ̀n ọ́n dànù. Mi ò fẹ́ bú ẹlẹgbẹ́ mi tí mi ò rí, àmọ́ ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ náà kù sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí jiyàn lé lórí. Satir to oríṣi ìdúró mẹ́rin sílẹ̀ tí èèyàn máa ń sá sí nígbà tí ìdààmú bá dé: ẹni tó ń náwọ́ ẹ̀bi síni, ẹni tó gan pa bíi pé kò ní ìmọ̀lára, ẹni tó ń fapá fẹsẹ̀ káàkiri kí ọ̀rọ̀ lè dàrú, àti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́bẹ̀ yìí, lórí orúnkún kan ló máa ń gbé e sí, ọwọ́ kan nà sókè. Fún ọmọ ará Wisconsin, ìkúnlẹ̀ ni ìrẹ̀sílẹ̀. Nílé wa ńkọ́? Ọmọbìnrin Yorùbá ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ nínú ère tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ń tẹ ọmọ yìí mọ́lẹ̀. Mo ní kó dúró ná. Mo bi ọmọ náà pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, “Mo ń kí wọn ni. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò.” Orúnkún ò dùn ún rárá. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọn ò dá a lóhùn, wọn ò ní kó dìde, wọn ò pe oríkì rẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn ṣe ní ìpàdé kejì ò ju pé ó yíjú, ó ní “Àdùkẹ́, dìde”, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Ká ní a ti gbé e dìde fúnra wa, ká ní a ti kọ́ ọ pé kó má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, à bá ti gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyà tó ń jẹ ẹ́ á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti là á yé onítọ́jú yín. Ẹ sọ ohun tí jíjókòó sílẹ̀ níwájú àgbà jẹ́ nílé wa. Ẹ sọ ohun tí “kọ ẹ̀yìn sí” jẹ́. Tí ọkọ yín bá wá lọ́jọ́ kan, ẹ sọ ṣáájú pé kí ọmọ má fọwọ́ kan orí bàbá rẹ̀ láti yí i; kó tọ́ka, kí bàbá yí ara rẹ̀. Kò bà iṣẹ́ náà jẹ́ rárá. Onítọ́jú tó gbọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Fóònù tó wà lórí àga yẹn ńkọ́? Òun ló wú mi lórí jù nínú gbogbo lẹ́tà yín. Wọ́n pe ìdílé wá, wọ́n ka èèyàn mẹ́rin àti àga òfìfo kan, ọmọ yín ní rárá, èèyàn kan kù. Obìnrin tó tọ́ ọ títí tó fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn náà, torí àdírẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń lò. Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ò ní ṣe àṣìṣe yẹn. Nígbà tó dé Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, kò kó àwọn aláìsàn sínú wọ́ọ̀dù nìkan. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ rẹ̀, kó máa tọ́jú rẹ̀, kó sì máa bá a dé ilé ìwòsàn. Ẹbí yẹn kì í sì í ṣe ìyá tàbí bàbá dandan. Ẹni tó bá jẹ́ ti aláìsàn ni. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi Màmá Ìjẹ̀bú sórí fídíò fún ogún ìṣẹ́jú ní ìpàdé tó ń bọ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n sì bi ọmọ yín pé kí ni Màmá ń sọ láti orí àga yẹn, ta ni Màmá ń wò. Kò yà mí lẹ́nu tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Màmá ń wò.

Ó dára, ọ̀rọ̀ Jámánì. Ohun tí àbúrò yín ń sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún yín, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Bert Hellinger, ará Jámánì, ló gbé e jáde. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni tẹ́lẹ̀, ó lo ọdún mẹ́rìndínlógún láàárín àwọn Zulu ní Gúúsù Áfíríkà kó tó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀. 2019 ló kú. Nínú tirẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wá. Ẹ ó mú àwọn àjèjì tó jókòó síbẹ̀, ẹ ó ní ìwọ ni bàbá mi, ìwọ ni ìyá mi, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n mi tó kú. Wọ́n á dúró, wọ́n á sọ ohun tí ara wọn ń sọ fún wọn, olórí ètò á sì fún yín ní gbólóhùn tẹ́ ẹ máa sọ sí wọn.

Pé ara àjèjì lè sọ bí ó ṣe rí láti dúró sí ibi kan, mo gbà. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá ní kó kọjú sí ògiri, ó máa mọ̀ pé òun kọjú sí ògiri. Pé àjèjì náà mọ ohun tí bàbá yín tó ti kú ń fẹ́, ibẹ̀ ni mo ti yà. Nílé wa, ẹni tó bá máa gbé eégún bàbá wa, ó ní ìdílé tó ń gbé e, ó ní ọjọ́, ó ní èèwọ̀, ó sì ní àwọn tó lè mú un tó bá sọ ìsọkúsọ. Ẹni tó sanwó wọ gbọ̀ngàn lópin ọ̀sẹ̀ kò ní ìkankan nínú wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Hellinger máa ń pàṣẹ, ó ti ní kí àwọn tí òbí wọn ṣe níkà tẹrí ba fún òbí náà, ọ̀pọ̀ onítọ́jú ní Jámánì bínú sí i. Ní 2004, ẹgbẹ́ wọn kan, Systemische Gesellschaft, kéde pé ọ̀nà rẹ̀ kò bá tàwọn mu. Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra o. Ní Heidelberg, wọ́n dán an wò pẹ̀lú àgbàlagbà 208, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013: ara àwọn tó ṣe é fúyẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn tó ń dúró de tiwọn lọ, kódà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ló darí wọn, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kankan tó ń dúró de ìyá rẹ̀ nílé. Ọmọ yín fẹ́ kẹ́ ẹ yí padà wo òun. Tẹ́ ẹ bá gbé báàgì, tẹ́ ẹ wọkọ̀ òfuurufú lọ wá àjèjì tó máa ṣe bí i rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo bí ère yẹn ṣe máa rí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan, kẹ́ ẹ má bínú. Nígbà tẹ́ ẹ délé, ṣé ẹ bá ọmọ náà jà? Ṣé ẹ sọ pé “o dójú tì mí níwájú òyìnbó”? Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́, torí ọmọ tí wọ́n bá fi ère rẹ̀ nà lẹ́nu, kò ní to òmíràn mọ́ láéláé, àwọn èyí tó bá tò nígbà tó bá yá á jẹ́ irọ́ tó dùn ún wò. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ń dé ara nínú ilé yín, bóyá lára yín tàbí lára àwọn ọmọ, ẹ sọ fún onítọ́jú ní ẹ̀yin nìkan kẹ́ ẹ tó tún to ohunkóhun. Kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń ṣe níbi tí ẹni tó bá sòótọ́ ti máa jìyà rẹ̀ lálẹ́. Níbẹ̀, èmi á kọ́kọ́ fi ère sílẹ̀.

Ẹ padà lọ sí ìpàdé yẹn. Ẹ ní kẹ́ ẹ tó ṣe ohun mìíràn, ẹ fẹ́ kí wọ́n padà sí ère ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kẹ́ ẹ dúró síbi tí ọmọ gbé yín sí, kẹ́ ẹ lè sọ bó ṣe rí lára yín níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá tó bá jẹ́ òun ló wá. Ọmọ yín á gbọ́, kí obìnrin náà dúró de ìtumọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí ọmọ ṣe èkejì, èyí tó wù ú. Tó bá ní kò wù òun láti to nǹkan kan, ẹ fi sílẹ̀.

Ọkọ yín. Mo mọ irú rẹ̀, mo fẹ́ ọ̀kan. Ẹ má bá a jiyàn, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ará Norway kan, David Kvebæk, ti rí ìyẹn láti àwọn ọdún 1970: ó gbẹ́ ère igi kéékèèké, ó kó wọn sórí pátákó tó ní ọgọ́rùn-ún ojú, mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, ó ní kí ìdílé máa gbé ara wọn sórí rẹ̀. Ọmọ ayò lèmi máa ń lò, torí ọwọ́ àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti di ọmọ ayò mú kì í tún rántí pé ìtọ́jú lòun wá gbà. Tí ẹ ò bá ní, ife tíì, ṣíbí àti ìgò iyọ̀ ti tó. Lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ́ ẹ tó kó abọ́ kúrò, ẹ ní kó gbé ilé bàbá tirẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ, bó ṣe rí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá: ta ni ife yìí, ta ni ṣíbí, ibo ni wọ́n jókòó sí. Ilé tiyín kọ́ o, ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn láti sọ ìtàn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àkọ́bí yín jókòó níbi tó ti lè rí tábìlì.

Tó bá gbé ife tirẹ̀ sí etí tábìlì, tó kọjú ọwọ́ ife náà sí fèrèsé, ẹ má wo ọmọ, ẹ má ṣe “ẹ̀n-ẹ́n”. Ẹ kàn bi í pé, “Bàbá wọn, ọjọ́ wo nìyẹn?”